Orin Tó Ń Yan Gààrí

Títí di òní, bí òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan bá gbá mi nímú, tó sì dà pọ̀ mọ́ èéfín igi tútù, Ìmàṣàyí ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ẹ̀yìn ilé baba wa níbẹ̀ ni ilé gààrí wà: páànù lókè, òpó igi mẹ́rin nísàlẹ̀, kò ní ògiri kankan. Ààrò alámọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, agbada fífẹ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin á wà lábẹ́ jáàkì tó ń fún omi rẹ̀, omi náà á sì máa ro tó, tó, tó sórí ilẹ̀. O lè máa rò pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ orin ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ orin. Rárá o. Ìdí agbada ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé gíga kan ní Ìlaròó. Ìyanṣẹ́lódì ti ilé-ìwé wa pa, mo bá lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ó ti padà sílé baba rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ìyàwó ilé méjì ló sì jọ ń yan gààrí tà. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì gbé dùùrù kékeré kan tó ń lo bátìrì dání. Kí n má purọ́ fún ọ, ìgbéraga mi nígbà yẹn tóbi ju dùùrù náà lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà díẹ̀ nínú orin, ojú mi á ti le koko. Mo ti mọ orin kà, mo wá rò pé mo ti mọ orin.

Màmá ló máa ń lé orin nídìí agbada, àwọn ìyàwó á sì máa gbè é. Èéfín ti ha ohùn rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rinlẹ̀, èèyàn á gbọ́ ọ títí dé ojú ọ̀nà. Orin kan wà tí wọn kì í fi sílẹ̀. Màmá á ní, "Ọwọ́ lọ, ọwọ́ bọ̀," àwọn ìyàwó á gbè é pé, "Ọwọ́ lọ, ọwọ́ bọ̀." Lẹ́yìn náà, Màmá á dákẹ́. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò tó parí rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í tan ni." Ìdákẹ́ yẹn ló ń bí mi nínú. Nígbà mìíràn ó máa ń gùn débi tí mo fi ń rò pé Màmá ti gbàgbé ọ̀rọ̀; nígbà mìíràn kì í ju bíńtín lọ. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ kà á nílẹ̀, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, kò dọ́gba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ni mo bá ní kí n bá wọn tún un ṣe. Mo fi dùùrù tẹ orin náà, mo dí àlàfo yẹn pa pátápátá, mo fi ìlù inú ẹ̀rọ tì í lẹ́yìn, mo sì pe Màmá kó wá gbọ́. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó dúró gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ó dùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n gààrí yẹn ti jóná."

Àwọn ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ká mi lára. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ ò mọ ìwọ̀n orin." Àgbà tó ń lé orin ni mo sọ ìyẹn sí, níwájú àwọn tó ń gbè é. Ẹyin lohùn, kí n tó pa ẹnu dé, ó ti fọ́. Ẹ̀rín dá wáí. Màmá wò mí, kò sì bínú, èyí ló tilẹ̀ burú jù. "Ó dáa, tíṣà," ló wí, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò kọrin. Àwọn ìyàwó náà ò kọrin, nítorí ta ni yóò gbe orin tí ẹnikẹ́ni ò lé? Igbá ń ha agbada, igi ń ta nínú iná, kò sí ohùn èèyàn. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni oníbàárà Màmá dé láti Owódé, obìnrin kan tó máa ń kó gààrí kọjá sí Kútọnu, tí Faransé ẹnubodè ti mọ́ lẹ́nu. "Bọ̀ǹjúù, Tàǹtí!" ló fi kí Màmá wọlé. Ó bu gààrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sẹ́nu, ó rún un, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, kí ló dé? Apá kan pọ́n jù, apá kan ò jinná. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè kó eléyìí kọjá." Ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà lófo. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, obìnrin yẹn kò kúrò nílé wa lọ́wọ́ òfo rí. Màmá jókòó sórí àpótí, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ó ti ń darúgbó.

Ìyàwó àgbà fà mí lọ sẹ́yìn kànga. Gbogbo ọmọkùnrin ilé ni àwọn ìyàwó ń pè ní ọkọ, títí kan èmi tí ò tíì níyàwó. "Ọkọ mi, ẹ má bínú o," ló wí, "ẹ̀yin lẹ jó gààrí yìí. Ẹ ti gba agogo lọ́wọ́ wa." Mo ní agogo wo? Ó ní orin ni. Orin ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n á rò ó àti ìgbà tí wọ́n á kó o kúrò lójú iná. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí, mi ò yan gààrí láìgbọ́ ohùn Màmá rí."

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ǹ bá wọ ibẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo ní kó dárí jì mí. Ó mú àfọ́kù igbá tí wọ́n fi ń ro gààrí, ó nà án sí mi. "Wá yan eléyìí."

Ọkùnrin kì í yan gààrí nílé wa. Àwọn ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń gba imú wọn jáde. Mo jókòó. Ooru gbá mi lójú, èéfín sì yí sí ọ̀dọ̀ mi bí ẹni pé wọ́n rán an. Ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n ti sẹ́ sínú agbada wúwo bí amọ̀, ó sì ń lẹ̀. Mo ń rò ó wàràwàrà, abẹ́ ń jó, òkè ṣì tutù. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo ti fẹ́ dìde. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ lọ, ọwọ́ bọ̀."

Apá mi ti tẹ̀ lé e kí n tó mọ̀. Ọwọ́ lọ, mo tì í síwájú. Ọwọ́ bọ̀, mo fà á padà. Ó wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo kó gààrí kúrò láàárín agbada níbi tí iná ti le, mo gbá a sí etí, mo fi ẹ̀yìn igbá tẹ̀ ẹ́. Ó wúwo, ó gbà mí lákòókò. Ìgbà tí mo ṣe tán gẹ́lẹ́ ni Màmá wọlé: "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í tan ni." Bí gààrí ti ń gbẹ tó sì ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo náà ń kúrú. Gààrí tí kò dún tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣárá-ṣárá nínú agbada, Màmá ń gbọ́ ọ, ó sì ń dá a lóhùn. Kò pẹ́ wọlé rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo ń ka ẹsẹ̀ ara mi. Òun ń tẹ́tí sí ohun tó wà lórí iná.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún wọn pé èéfín ni. Ìyàwó kékeré ní, "Èéfín yìí mà mọ ojú tíṣà o!" Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, lẹ́yìn náà ló gbé orin náà sókè bó ṣe máa ń gbé e, ara mi sì balẹ̀. Nígbà tí oníbàárà Owódé tún dé, kò ṣẹ́ àpò kan kù fún wa.

Ọjọ́ ti lọ. Èmi ni ọ̀gá akọrin báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlaròó, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ orin kà ju ti ìgbà yẹn lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé bí ẹnì kan bá dákẹ́ níbi tí mi ò retí, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ni onítọ̀hún ń gbọ́. Fún ìkórè tó kọjá, mo kọ́ àwọn akọrin lórin Màmá. Mo pa dùùrù dé. Nígbà tí a dé ibi àlàfo náà nígbà ìdánrawò, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ iye tá a máa kà." Mo ní kò níye.

A gbé Màmá wá lọ́jọ́ ìkórè náà. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù tó lè sọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ló sì dì í mú jókòó síwájú. Nígbà tí a kọrin dé ibi ìdákẹ́, mi ò wo àwọn akọrin. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò lórí itan rẹ̀, tó ń kó ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí kúrò láàárín iná, tó ń gbá a sí etí. Ìgbà tí ọwọ́ náà dúró ni mo ṣẹ́wọ́ sí wọn, wọ́n sì wọlé, gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kúnlẹ̀ tì í kí n lè gbọ́ ohun tó máa sọ. Ó fọwọ́ kàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó jinná," ló wí. "Ó kù díẹ̀ kó gbẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, mo ṣì wà nídìí iná.