Omi Tí Mo Dà Sórí Koríko

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè ru garawa omi kí ó kún dẹ́nu, ojúlé tí koríko bá hù sí, ilé òkú ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Akaka, ìlú wa, nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ó ti gbá iwájú ilé, tí ipa ìgbálẹ̀ á hàn lórí iyẹ̀pẹ̀ bí ojú irun dídì. Bí koríko kan bá yọjú lẹ́bàá ògiri, ìyá mi á ní, "Ta ló kú níbí tí ẹ ò sọ fún mi?" A ó sì sáré fà á tu. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbin koríko, tí ẹ tún ń fi ẹ̀rọ gẹ irun fún un, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi oyin sí i. Bí mo ṣe ṣe é ni kí ó kọ ọ́.

N ó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n mú mi lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan ìyá mi kan ní Ṣàgámù. Ìyàwó Alájì oníṣòwò obì ni. Alájì a máa kó obì lọ sí òkè Ọya, á sì pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó dé. Níbẹ̀ ló ti rí i pé àwọn òyìnbó ń gbin koríko síwájú ilé. Ó wù ú, ló bá rẹ àpò sínú omi, ó di koríko sínú rẹ̀, ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wálé. Ó gbìn ín láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí títì. Gbogbo àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ lójú olówó?

Èmi ò mọ èyí o. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, Alájì wà lókè Ọya, ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà. Mo dúró lójúlé, ojú ń tì mí fún wọn. Àwọn tó gbà mí sílé, ilé wọn ti di igbó! Mo ní n ó fi iṣẹ́ hàn wọ́n pé wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé.

Màmá arúgbó kan wà nílé kejì, opó tí àwọn ọmọ wọn ti lọ Èkó. Ẹsẹ̀ wọn kan wú, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọn a máa jókòó síwájú ilé wọn, wọn a máa pa ekùrọ́ lórí òkúta. Mo kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n yá mi lọ́kọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ọkọ́ ṣe?"

"Koríko ojúlé wa ni, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Gbà á, ọmọ mi. Gbà á kíá! Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa sọ fún àwọn ará ilé yẹn pé wọn ò tíì kú."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti ro gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Mo kó o dà sí ààtàn, mo gbálẹ̀, mo dúró ti ìgbálẹ̀ mi pé kí ìyàwó Alájì dé wá yìn mí.

Ó dé. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Ìyá."

Kò nà mí. Ì bá sàn kí ó nà mí. Ó fà mí létí lọ sí ààtàn, ó ní kí n ṣà á padà, títí kan èyí tí kò gùn ju ìka lọ. "O ó gbìn ín, o ó sì máa bomi rin ín. Bí Alájì bá dé ṣáájú Iléyá tí ilẹ̀ yìí ò tutù, o ò ní délé yín. Ì báà jẹ́ ìyá rẹ ló kú, o ò ní délé."

Ìyá mi lóyún nígbà tí mo kúrò ní Akaka. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pé wọ́n ti bí obìnrin. Àbúrò mi kan ṣoṣo. Mo gbin koríko yẹn pẹ̀lú èékánná mi.

Ọdún yẹn sì ni ọ̀dá dá. Ọyẹ́ lọ, òjò ò dé. Kànga àdúgbò gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Odò nìkan ló kù, ó jìn, ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń lọ lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì fún ilé, ẹ̀ẹ̀mejì fún koríko. A kì í da omi lé e lórí gbàà, á hú gbòǹgbò rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni mo máa ń rì bọ inú garawa, n ó wá máa wọ́n omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án, n ó fi ewé tí wọ́n kó kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ obì bò ó kí oòrùn má baà jó o. Àwa tí a wà nínú ilé, a kàn ń bọ́jú, a ń ṣan ẹsẹ̀ ni. Koríko ń wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ mí ní Ìyàwó Koríko.

Àwọn ọmọdé tó ń pọnmi fún Màmá tẹ́lẹ̀ ò yà mọ́, olúkúlùkù ń du ti ilé rẹ̀. Ló bá di pé tí mo bá ti sọ garawa kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, Màmá á na igbá wọn sí mi. "Ọmọ mi, bu ìwọ̀nba tí ọ̀fun mi máa fi tutù."

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bù fún wọn. Ìyàwó Alájì yọjú lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò rẹ á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí o. Ìgbà tó bá ń rìn, bóyá o ó rí i." Ó sì pa fèrèsé dé.

Láti ọjọ́ kejì, tí Màmá bá pè mí, n ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tiro wá sí etí koríko, ètè wọn ti là. Wọ́n ní, "Ṣé torí ọkọ́ yẹn ni? Eré ni mo bá ọ ṣe, ọmọ mi. Má bínú."

N ò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn pé wọ́n ń bẹ̀ mí. Kò sí ẹni tó tíì bẹ̀ mí rí láyé. Mo ní, "Ẹ fi ọkọ́ yín gbẹ́ kànga, Màmá." Mo gbé garawa, mi ò wá ìgbálẹ̀, mo da ìyókù omi sórí koríko lójú wọn, gbàà. Àwa méjèèjì dúró, à ń wò ó títí ilẹ̀ fi mu ún tán. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n yí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé kèǹgbè, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ fúnra wọn. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mò ń wọ́n omi. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni wọ́n ti ṣubú, egungun itan wọn ṣẹ́. Àwọn ọkùnrin fi ilẹ̀kùn gbé wọn gòkè. Ẹbí wọn wá láti Ìlárá, wọ́n gbé wọn lọ. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé wọ́n ti kú.

Alájì dé. Koríko ti tutù. Ó dúró lé e lórí, ó ń gbọn eruku bàtà rẹ̀, ó ní, "Èyí ò ki tó ti tẹ́lẹ̀." Ó wọlé, kò wo ẹ̀yìn. Mo lọ ṣe Iléyá ní Akaka. Mo gbé àbúrò mi, mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó. Inú mi dùn. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé inú mi dùn.

Nígbà tí mo padà sí Ṣàgámù, òjò ti ń rọ̀. Iwájú ilé Màmá, lẹ́bàá òkúta tí wọ́n fi ń pa ekùrọ́, koríko ti ga dé orúnkún mi. Ẹnikẹ́ni ò gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín. Ó tutù ju tiwa lọ.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Nílé ọmọ mi tí mo wà báyìí ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀rọ ló ń fa omi látinú ilẹ̀. Ọ̀dá tún dá lọ́dún yìí, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti tẹ nǹkan kan lára ògiri, omi á máa fò sórí koríko. Mò ń gbọ́ àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kọjá níta, wọ́n ń wá omi kiri. Ọmọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Géètì ló ga. Nígbà tiwa, ẹni tí o bá fi omi dù, o ó rí ètè rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yàrá tèmi, mo ti ro ó. Láràárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ gbá a. Ọmọ mi ń bínú pé, "Màmi, ẹ ti ba koríko yìí jẹ́!" Kí ó ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, kò ní pọnmi rárá kí koríko tó hù níbẹ̀.