Eríàlì Mẹ́ta fún Ìsọmọlórúkọ

Nínú ìdílé wa, èmi ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbì kankan. Fóònù màmá mi ló dákú lọ́jọ́ kan, mo pa á, mo tún un tàn, ó sì jí. Bí oyè ṣe já lé mi lórí nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ oyè tí kò tọ́ sí mi, tí mo sì ń fi ṣakọ.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bímọ sókè òkun, màmá mi ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́: kí òun rí ojú ọmọ náà kedere lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Lójú fóònù, òjìji lásán ló ń rí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣebí mo ní kọ̀ǹpútà ńlá nínú yàrá mi nílé wa ní Kabusa, ní Abuja, tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fèrèsé. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ògbólógbòó ni, kò lè gba nẹ́tíwọ́kì láìsí wáyà, àfi bí mo bá ra adápítà tí yóò máa bá a gbà á.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi kàwé nípa adápítà. Mo ka ohun tí àwọn tó rà á sọ, mo ka ohun tí àwọn tí kò rà á sọ. Mo ń ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ títí màmá mi fi ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo bímọ ni àbí àbúrò rẹ?"

Ní ọjọ́ Sátidé mo wọkọ̀ gba Apo lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà. Alhájì kan, ará Ìlọrin, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo yà sí. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo kí i ní Yorùbá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá wò mí.

"Kai! Ọmọ tí wọ́n bí sí Abuja, tó gbọ́ Yorùbá báyìí! Ọlọ́hun á bù kún ìyá tó tọ́ ẹ."

Ìyìn yẹn ló bà mí jẹ́. Ó mú adápítà kékeré kan jáde tí kò ju èékánná lọ. "Èyí ni kó o mú. Ìwọ ṣáà ti í bọ ibi tó o máa ń ki fláàṣì sí, ó ti parí nìyẹn." Mo yínmú sí i. Mo nawọ́ sí adápítà oníkáàdì kan lórí pẹpẹ, tó ní eríàlì mẹ́ta tó dúró ṣánṣán. Èrò mi ni pé bí ẹyọ kan bá dáa, mẹ́ta á dáa jù ú lọ.

"Ìyẹn, inú ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kì í sí o. Ṣó o ti tú ẹ̀rọ ẹ wò rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ihò káàdì tó ṣófo wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tó gùn ni àbí èyí tó kúrú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Yorùbá rẹ̀ yé mi yékéyéké. Ohun tó ń sọ gan-an ni mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́wọ́ àìmọ̀kan níwájú àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ súre fún ìyá ẹni? "Yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì dì í fún mi.

Ọjọ́ Àìkú ni ìsọmọlórúkọ, aago mẹ́ta ọ̀sán. Láàárọ̀ ni mo tú ikùn kọ̀ǹpútà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Eruku inú rẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Ihò káàdì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sì ti jókòó sínú rẹ̀ bí onílé. Wọn kì í sì í ṣí ọjà lọ́jọ́ Àìkú. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú eríàlì mẹ́ta lọ́wọ́.

Ni màmá mi bá wọlé, ó ti múra, ó ti wé gèlè.

"Ibo ni nẹ́tíwọ́kì yẹn gan-an wà?"

"Páálọ̀ ni, mà. Inú àpótí kékeré tó ń ṣẹ́jú yẹn."

"Kò ní wáyà tó lè dé ara kọ̀ǹpútà?"

"Ó ní, mà, ṣùgbọ́n kò gùn dé ibí."

"Kọ̀ǹpútà náà ńkọ́, ṣé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ni?"

Ó gbé kíbọ́ọ̀dù, èmi gbé ìyókù. A tò ó sórí tábìlì oúnjẹ ní páálọ̀, mo gbé kámẹ́rà lé e lórí, mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Nẹ́tíwọ́kì dé kí n tó jókòó.

Àbúrò mi yọ sójú ẹ̀rọ, ọmọ náà wà láyà rẹ̀, ó ń yán. Màmá mi sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó rí ojú, ó rí irun, ó rí ibi tó ti jọ bàbá wa tó ti lọ. Ó sọ ọ́ lórúkọ, ó kì í, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́.

"Ó kàn yín, Bọ̀dá mi," ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀yin lẹ dípò bàbá wa. Orúkọ wo lẹ fún un?"

Orúkọ! Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣèwádìí adápítà, mi ò fi ìṣẹ́jú kan yan orúkọ. Mo nawọ́ tún kámẹ́rà tí kò yẹ̀ ṣe. Màmá mi yíjú sí mi. Lọ́hùn-ún, gbogbo ilé ń wò mí. Àwòrán mọ́ kedere, ohùn ò já rárá, mi ò sì lè sọ pé nẹ́tíwọ́kì ti lọ.