Kọ̀ǹpútà Ọmọ Tíṣà

Bí mo bá ń tẹ kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, ìró bọ́tìnnì a máa gbé mi padà sí ìgbà èwe mi ní Odigbo, sí ọ̀sán tí Ṣadé, ọmọ tíṣà àdúgbò wa, gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé e lé itan, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣápáṣápá. Mo nawọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn án! Epo wà lọ́wọ́ ẹ."

Òótọ́ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún epo tán nílé wa ni. Mo jowú rẹ̀ gan-an. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù lásán ni, tí wọn ò so mọ́ nǹkan kan.

Mo sáré lọ bá ìyá mi nídìí ààrò.

"Màmá, ọmọ tíṣà ni mo fẹ́ jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n fi etí ìró wọn nu epo ibẹ̀ kúrò.