Alájàpá Tó Kọ́ Wa Ní Eré Ọ̀nà Jíjìn

Àárọ̀ àná, ìyàwó àbúrò mi ń yọ́ òrí lórí sítóòfù láti fi ra ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Bí òórùn náà ṣe kan mí nímú, ojúgun mi méjèèjì sọ kúlú bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò lè sáré dé ìkóríta láìwo aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún yín, ẹ fara balẹ̀. Àwa náà sáré rí. Ẹ má wo ikùn tí mo gbé síwájú yìí. Àlejò ni, kò sí níbẹ̀ nígbà náà.

Láàárín àwọn ọdún 1980, èmi àti Ràfátù ọ̀rẹ́ mi wà ní kíláàsì kan náà, ilé wọn sì kọjú sí tiwa ní Ìlódè nílùú Ifẹ̀. Ààfáà ni baba rẹ̀, ọmọ àwọn tó ti Ìwó wá tẹ̀dó. Ọkùnrin tó le ni. Lọ́dọọdún nínú ààwẹ̀, òfófó ni wáàsí rẹ̀ máa ń bá wí. Ìyá tó bí Ààfáà ń gbé pẹ̀lú wọn. Ìyá Alájàpá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kí mọ́tò tó pọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń ná ọjà: á ru ẹrù láti Ifẹ̀ dé Ẹdẹ, á tún ru òmíràn bọ̀.

Lọ́dún náà, ilé ìwé wa fẹ́ fi ọmọbìnrin sínú eré ọ̀nà jíjìn fún ìgbà àkọ́kọ́, láti Ìpetumodù dé pápá kan ní Òkè-Ogbo. Ràfátù ló le jù nínú wa, kò sì sí ohun tó wù ú láyé bí eré sísá. Ṣùgbọ́n Ààfáà fàáké kọ́rí. Ó ní ọmọbìnrin tó bá sáré tó bẹ́ẹ̀ yóò dákú. Ìyá Alájàpá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré,” ló wí. “Bó bá fi lè jókòó lójú ọ̀nà pẹ́nrẹ́n, eré sísá ti tán nínú ilé yìí.”

Ìyá Alájàpá ló gba iṣẹ́ kíkọ́ èmi àti Ràfátù mọ́ tíṣà eré ìdárayá wa lọ́wọ́. Kí oòrùn tó mú, a ó ti sáré láti Ìlódè dé Òkè-Ogbo, a ó sì padà. Òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ máa ṣòfófó lọ.

“Ìṣísẹ̀ alájàpá nìyẹn,” ló wí. “Ẹni tó bá ti dákẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti yára jù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa jáde, èémí á tẹ̀ lé e.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ̀rọ̀ gbogbo tíṣà wa tán kí táàmù tó dé ìdajì. Bí a bá dé, a kò gbọdọ̀ jókòó. A ó rìn yí ilé ká, a ó mu omi díẹ̀díẹ̀, a ó jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn náà, á fi òrí gbígbóná wọ́ ojúgun wa títí a ó fi ké, á ní ká na ẹsẹ̀ sókè lára ògiri. Lọ́jọ́ karùn-ún karùn-ún, kò sí eré. “Ọjà pàápàá ní ọjọ́ tí wọn kì í ná an,” ló máa ń wí. “Ẹran ara yín ńkọ́?”

Nígbà tí eré ku ọ̀la, tíṣà ní kí gbogbo wa jẹun dáadáa kí a tó wá. Ẹ gbà mí! Kí ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ dáadáa nílé ọmọ Ifẹ̀ bí kò ṣe iyán? Ìyá Alájàpá ti kìlọ̀: ẹ̀kọ gbígbóná, oyin díẹ̀, iyọ̀ bíńtín, ó parí. Ẹni tó bá jẹyán kó tó rìnrìn àjò, ẹrù méjì ló rù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ eré, ìyá mi ti jí gúnyán, ẹran ìgbẹ́ sì kún inú ẹ̀gúsí. Mo ha lè dójú ti ìyá mi bí? Mo jẹ ẹ́, mo tún lá ọwọ́.

Wọ́n fọn fèrè ní Ìpetumodù, a gbéra. Ààfáà ń tẹ̀ lé wa lórí alùpùpù, afẹ́fẹ́ kún agbádá rẹ̀ bíi bàlúù. Ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ òun bá dákú. A kò tíì rìn jìnnà tí iyán fi gúnlẹ̀ sí ìhà mi bí onílé. Mo jókòó sínú koríko, mo ń bì. Ràfátù bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ dúró.

“Wèrè, máa lọ!” mo pariwo. “Baba ẹ ń wò ẹ́!”

Ó lọ. Ààfáà dúró tì mí. “Ìwọ oníyán,” ló wí, “gun ẹ̀yìn.”

Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Nígbà tí a sún mọ́ gété yunifásítì, Ràfátù ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́, ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ààfáà rọra sún alùpùpù mọ́ ọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ràfátù, ṣé o mọ̀ pé ládàánì mọ́sálásí wa máa ń kun irun rẹ̀ dúdú?”

“Hẹ̀n?”

“Kí ìyàwó kékeré má baà mọ ọjọ́ orí rẹ̀.”

“Irọ́ ni, Bàámi!”

“Mo fojú mi rí aró lára fìlà rẹ̀.”

Ràfátù bú sẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ sì já gaara. Kí a tó dé Òkè-Ogbo, Ààfáà ti tú gbogbo mọ́sálásí palẹ̀: ẹni tó ń hanrun nídìí wáàsí, ẹni tó ń wọ bàtà oníbàtà lọ sílé. Ràfátù ń bèèrè, ó ń jiyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Ipò kejì ló ṣe. Kò fìdí kan ilẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Ààfáà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ládàánì. Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ Ràfátù.

“Àkànní, ṣé ó gbà?” ìyá bi ọmọ rẹ̀.

“Ó gbà, Ìyá.” Ó jókòó, ó ronú díẹ̀. “Eré ti ọdún tó ń bọ̀, ṣé kò ní gùn ju èyí lọ? Torí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn mọ́sálásí ti tán lẹ́nu mi.”

Lónìí, ọ̀nà Ìpetumodù ti di ti tírélà, kò sí òbí tó máa jẹ́ kí ọmọ sáré níbẹ̀. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ti wà nínú ike. Wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn asáré pé bí o kò bá lè sọ̀rọ̀, o ti yára jù. Ìyá kan tí kò mọ̀wé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn tó ń kọ́ wọn. Òun àti ọmọ rẹ̀ ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ràfátù sáré títí ó fi jáde ilé ìwé, mo sì ń fi í yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ni mo fi ń yangàn jù. Ó ti ń kó iyì jọ ní Ìlódè láti ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ nílò rẹ̀, ó ná gbogbo iyì náà lójú títì, kò bèèrè ṣéńjì.