Aláǹtakùn Erékùṣù Lórí Aṣọ Ìyá Ìjọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú pálọ̀ ara mi ní Sátidé tó kọjá. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí!

Ọmọ mi obìnrin, Ìmísí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń sin aláǹtakùn nínú yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, aláǹtakùn! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé ìwé ló fún un. Kì í ṣe irú èyí tó ń ta okùn sí kọ̀rọ̀ ilé o, eléyìí ń fò ni. Àwọn erékùṣù olóoru bíi Kúbà ni ìran rẹ̀ ti wá, ara rẹ̀ sì rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Ìmísí sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Ta ló ń fún aláǹtakùn lóríkì?

Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò lè lé e. Láti ìgbà tá a ti kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Dagenham nílùú òyìnbó lọ́dún méjì sẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ care tí mò ń ṣe, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, ọmọ yìí ti dákẹ́. Bí wọ́n bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Àdùkẹ́ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn ọmọ mi.

Ìgbà tó wá kan ilé mi láti gba àwọn ará ìjọ lálejò fún àdúrà ilé, mo kìlọ̀ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá fojú kan nǹkan yẹn, ó kúrò nílé mi nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé, àwọn ará ìjọ dé, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Orin ń lọ lọ́wọ́ ni Ìmísí sáré sọ̀ kalẹ̀, ó sọ sí mi létí pé òun ṣí ike tí Àdùkẹ́ ń gbé láti fún un lómi, òun ò sì rí i mọ́.

Mò ń kọrin lọ, ojú mi ń wá òkè àjà. Àfi bí mo ṣe rí i ní èjìká Ìyá Ìjọ! Kò ju èkùrọ́ lọ, ṣùgbọ́n lórí aṣọ funfun báun, ó rí gbàǹgbà.

Bùrọ́dà Ṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ, náà ti rí i. Ó gbé ìwé orin sókè, ó fẹ́ gbá a.

"Ẹ má pa á!"

Ìmísí ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Bùrọ́dà Ṣẹ́gun dúró lókè.

Ìyá Ìjọ, àgbà obìnrin Ìjẹ̀bú tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò mira. Ó wo èjìká rẹ̀, aláǹtakùn náà yíjú sí i.

"Kí ló ń wò mí báyìí?"

"Ojú mẹ́jọ ló ní, Mà. Ńlá méjì tó wà níwájú ló fi ń wò yín."

"Ṣé kò ní bù mí jẹ?"

"Rárá, Mà, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ìmísí tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Àdùkẹ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó wọn ibi tó ń lọ, ó sì fò! Ó balẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ mi, gbogbo ilé bú sí "Halelúyà!"

Ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ dúró láàárín pálọ̀, ó ń ṣàlàyé! Ó ní kì í dẹ okùn láti fi mú kòkòrò, ṣe ló ń yọ́ lọ bá a bí ológbò. Ó ní kó tó fò, á kọ́kọ́ so fọ́nrán okùn mọ́ ibi tó dúró sí, tó bá tàsé, á gun òkè padà. Ó ní akọ ní láti jó fún abo kó tó fẹ́ ẹ, tí ijó náà ò bá dùn, kó yáa sá lọ.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin!" Ìyá Ìjọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ta! Bùrọ́dà Ṣẹ́gun pàápàá rọra gbé ìwé orin sílẹ̀.

Ìgbà tó wá sọ pé ìyá aláǹtakùn máa ń hun ilé funfun bo ẹyin rẹ̀, tó sì ń ṣọ́ ọ títí ẹyin náà á fi pa ọmọ, mo sá wọ kíṣìnì. Ẹkún ayọ̀ ni.

Ìyá Ìjọ ti ní kí Ìmísí wá bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá Ọlọ́run. Ó gbà! Èmi fúnra mi ni mo fún Àdùkẹ́ lómi láàárọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tó lé ohun tọ́mọ mi fẹ́ràn, kí n kọ́kọ́ jókòó kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lọmọ yín ń sìn tó ń dẹ́rù bà yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ fi fọ́tò sí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ejò ni, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó!