Má-tíì-wò-ó Ṣí Ìkànnì

Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi fóòmù àti aṣọ bo àga. Kì í ṣe káfíńtà. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, yóò tún un sọ fún un pé káfíńtà ló ń kan egungun àga, òun ló ń fi ẹran sí i. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: oníbàárà kò gbọdọ̀ fojú kan àga tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Bí èèyàn bá ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á ti ju aṣọ funfun bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ má tíì wò ó." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Má-tíì-wò-ó. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí inú bá ń bí i, orúkọ yẹn ló fi ń pè é.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, iṣẹ́ tutù. Àga tí wọ́n ti ṣe parí nílé iṣẹ́ ńlá ni àwọn èèyàn ń rà. Òṣìṣẹ́ méjì ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà méjì tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Láàárọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa to ìṣó tí wọ́n ti tò lánàá. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé ilé ìkàwé ìlú fẹ́ tún ọgọ́ta àga ṣe. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún un pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ náà kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò tẹ "ẹni tó ń tún àga ṣe nítòsí" sínú ẹ̀rọ aṣàwárí tí gbogbo ayé fi ń wá nǹkan lórí fóònù, wọn yóò sì mú ọ̀kan nínú àwọn tó bá kọ́kọ́ jáde. Má-tíì-wò-ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, òun yóò ní láti sọ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ló ń kọ́ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníṣòwò. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá, ó jókòó sórí àpò fóòmù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ojú ewé mẹ́ta ti dúró, méjì ṣófo.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣí i báyìí. À á máa parí ìyókù lọ."

"Ká ṣí kí ni? Èyí tí kò tíì nídìí?"

Onítẹ̀wé ìsọ̀ kejì, ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má dá sí i, ti yọrí wọlé. "Ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò! Bí ẹ bá ṣí i láìparí, ẹ̀rọ aṣàwárí yẹn á kọ orúkọ yín sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni yín. Kì í gbàgbé. Ẹ̀yìn ni yóò máa tì yín sí títí ayé."

"Irọ́ ni," ọmọbìnrin náà fèsì. "Ó máa ń padà wá wò ó. Bó bá rí èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló máa mú. Ojú ewé tó ṣófo lè má tètè jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Ṣé ìwọ ni ẹ̀rọ náà sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan.

Má-tíì-wò-ó kò rẹ́rìn-ín. Bí èyí bá sọ̀rọ̀, ó mi orí. Bí ìyẹn bá fèsì, ó tún mi orí. Bí ẹ̀rọ náà bá ń padà wá, ìgbà wo ló ń wá? Ṣé á kan ilẹ̀kùn? Bí kò bá wá bá ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́? Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dojú rú mọ́ ọn lójú, ó di ohun tó mọ̀ mú.

"Bò ó, ìwọ ọmọ yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i títí á fi parí."

"Bàbá…"

"Mo ní kó o bò ó."

Ọmọbìnrin náà bò ó. Ó kọ àṣẹ kékeré kan sínú ìkànnì náà, èyí tí ojú èèyàn kì í rí, tó ń sọ fún ẹ̀rọ aṣàwárí pé kó má ṣe kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá. Bàbá tún mi orí.

Wọ́n parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ojú ewé márààrún pé, àwòrán ń dán. Lọ́jọ́ Ajé, Má-tíì-wò-ó tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ó rí oníṣègùn eyín kan, ó rí àwọn tó ń fi àga háyà, kò rí ara rẹ̀. Ó gba fóònù ìyàwó rẹ̀, bákan náà ló rí. Ó jáde sójú títì, bóyá páànù orí ṣọ́ọ̀bù ló ń dí i lọ́wọ́.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé ó dá yín lójú pé ẹ wà láyé?"

Onítẹ̀wé ní, "Mo kúkú wí. Ó ti kọ orúkọ yín."

"Ṣùgbọ́n a ò ṣí i láìparí!"

"Ó gbọ́ pé ẹ rò ó."

Ọjọ́rú ni ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ráyè wá. Ó wo inú kọ̀ǹpútà díẹ̀, ó sì káwọ́ lérí. "Yéè! Bàbá, ẹ forí jì mí. Àṣẹ tí mo fi bò ó ṣì wà níbẹ̀. A kọ́lé parí tán, a wá ní kí àlejò má wọlé."

"Yọ ọ́ kíá!"

"Mo ti yọ ọ́. Mo tún ti ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà pé kó wá. Ṣùgbọ́n ó lè wá lọ́la, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lè fà á lọ́wọ́."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ náà kò tíì wá. Má-tíì-wò-ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìkàwé. Akọ̀wé ní ìgbìmọ̀ ti mú ẹnìkan, ó sì na fóònù sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, àwòrán àga kan, nọ́ńbà fóònù, àti gbólóhùn kan nísàlẹ̀: A ṣì ń kọ́ ìyókù.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí ò mà tíì parí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n òun la rí."

"Tèmi ti parí. Ojú ewé márùn-ún ni."

"Níbo ló wà, sà?"

Má-tíì-wò-ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ bírò. Ó da nọ́ńbà náà kọ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ìta, ó pe ọkùnrin náà. Ó ní òun gbọ́ nípa ọgọ́ta àga, òun sì ní òṣìṣẹ́ méjì tó dáńgájíá, tí wọn kò ríṣẹ́ ṣe.

"Ọlọ́run ló rán yín!" ni ohùn náà dáhùn. "Èmi nìkan ni mo wà ńbí. Ẹ mú wọn bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin náà ẹ bá wọn wá. Ẹ ó gba ìdajì owó iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí mi ò mọ̀ yín? Mo ti wá ẹni tó máa bá mi ṣe é títí lórí fóònù, mi ò rí yín."

"Mo wà níbẹ̀," ni Má-tíì-wò-ó wí. "Wọ́n ní ó ń bọ̀ ni."

"Ta ló ń bọ̀?"

Má-tíì-wò-ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n."