Ara Le Tí Mo Kọ́ Àbẹ̀kẹ́

Sàfúrátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Òròkí àsàlà, ọmọ aláró tí aṣọ rẹ̀ kì í ṣá, ìyàwó tí Òṣogbo fún mi tí mo mú wá sí Iléṣà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fi ìwé ṣe fún un.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò níléèwé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé ayé ire. Bí mo bá ti ta kòkó, ó di Alékùwodò l'Óṣogbo, lọ́dọ̀ Múfú tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ká sọ tòótọ́, òmíràn dára. Èyí tó ní kí tọkọtaya má bínú sùn, ó tún ilé wa ṣe! Màmá Dọ́káàsì tí a jọ ń gbélé bi Àbẹ̀kẹ́ bóyá mo rìnrìn àjò ni, òun ò gbóhùn mi mọ́.

Èyí aláwọ̀ ewé ńkọ́? Ó ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, ó ń pè é wọlé ni. Kí a máa wí pé ara le, yóò sì le. Ta ni kò ní gbà á? Àwa tí a kì í fẹnu pe ohun búburú nílé tẹ́lẹ̀!

Ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá ti fẹ́ ráhùn, mo máa ní kó tún un sọ dáadáa. Yóò ní ara le. Yóò wá rẹ́rìn-ín, pé bí ìwé mi bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kó wá bá òun pọnmi.

Ràímì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Òṣogbo. Epo mọ́tò wọ́n nígbà náà. Ọjọ́ méjì ló fi tò kó tó rí èyí tó gbé Pijó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àbẹ̀kẹ́ ti fi ìró bo ẹsẹ̀. Ràímì ní ojú rẹ̀ ò tẹ́ òun lọ́rùn, pé òun lè gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

“Sàfú, má tàn mí. Ṣé ara le?”

Àbẹ̀kẹ́ wo ojú mi. Mo dákẹ́. Kí ló dé tí mo dákẹ́?

“Ara le, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ràímì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wakọ̀ lọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí èmi fúnra mi gbé e dé ọsibítù. Dókítà bi í níbi tó ń dùn ún. Ó tún ní ara le! Èmi ni mo wá ké pé irọ́ ni, ara ò le. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìwé ò burú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá pa aláìsàn lẹ́nu mọ́, ẹ pa á dé. Ẹ̀yin ńkọ́, ìwé wo lẹ ti gbà gbọ́ ju ojú ara yín lọ? Ẹ wí tiyín fún mi, kí n má dá nìkan jókòó ti èyí.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin Àbẹ̀kẹ́, ní agboolé bàbá rẹ̀ l'Óṣogbo.